Compiler ọ̀fẹ́ wo ni mo lè fi ṣiṣẹ́ Fortran àtijọ́ nílé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Másítà ni mò ń ṣe. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi fún mi ní ètò kan tí wọ́n fi Fortran 77, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́, kọ, tó ń ṣírò bí ooru ṣe ń ràn nínú ilẹ̀. Fáìlì ọ̀hún dàgbà jù mí lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ò lágbára: Windows 10, RAM 4GB. Ẹnì kan tó ń ta sọ́fítíwia ládùúgbò wa ní òun á bá mi fi compiler (ohun tó ń túmọ̀ ètò sí èdè tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí) "tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀" sí i, ₦15,000. Mi ò lówó ẹ̀, ẹ̀rù fáírọ́ọ̀sì sì ń bà mí. Ṣé ọ̀fẹ́ tó ṣeé gbára lé wà?

Bàbá Ìbejì: Má fún un ní kọ́bọ̀. gfortran ni kó o lò. Ara GCC, àkójọ compiler ọ̀fẹ́ tí Richard Stallman gbé jáde ní 1987, ni, wọ́n ṣì ń tún un ṣe títí dòní. Tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí PowerShell, mú "Run as administrator", kọ `wsl --install`, kó o wá pa kọ̀ǹpútà, kó o tún un tàn. Ubuntu, irú Linux kan, á wọlé. Lẹ́yìn náà:

`sudo apt update`
`sudo apt install gfortran`
`gfortran -O2 ooru.f -o ooru`
`./ooru`

Tó o bá ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò ní hàn lójú rárá. Kíbọ́ọ̀dù ò bàjẹ́ o. Èmi fúnra mi ti tìtorí ẹ̀ bínú rí.

Ṣadé: Ẹ má bínú sà, RAM 4GB ni wọ́n ní. WSL yẹn, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, lè gba ìdajì ẹ̀. MSYS2, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Windows, fúyẹ́ jù ú lọ. Àbúrò, fi sórí kọ̀ǹpútà, ṣí fèrèsé UCRT64, kọ `pacman -S mingw-w64-ucrt-x86_64-gcc-fortran`. gfortran kan náà ni.

Kọ́lá: Intel náà ti sọ compiler Fortran tiwọn di ọ̀fẹ́ láti ìparí 2020. Ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni, á jẹ dátà ẹ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: Ẹ ṣé gan-an. MSYS2 ni mo lò, ó wọlé. Àmọ́ ó kọ̀ láti túmọ̀ ètò náà, ohun tó ń sọ nìyí: `Type mismatch in argument 'dt' at (1); passed REAL(4) to REAL(8)`. Ọ̀gá mi ní lọ́jọ́ tiwọn, kò sóhun tó jọ ọ́.

Kọ́lá: Fi `-std=legacy` kún un, á dákẹ́.

Bàbá Ìbejì: Kọ́lá, rọra o. Láti GCC 10 ní 2020 ni gfortran ti le sí i lórí irú nǹkan báyìí, ó sì níbi tó ti ń ṣàṣejù lóòótọ́. Ti èyí kì í ṣe àṣejù. Nọ́ńbà báìtì 4 (REAL(4)) ni wọ́n gbé fún subroutine, ìyẹn apá ètò tí wọ́n ń fi CALL pè, tó ń retí báìtì 8 (REAL(8)). Á lọ ṣa báìtì 4 tí kì í ṣe tiẹ̀ mọ́ ọn. Tó o bá dì í lẹ́nu, ètò á sáré, á sì máa purọ́ fún ẹ. Wo ìlà yẹn: kí ni wọ́n kọ síbi dt?

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: `CALL GBONA(T, N, 0.1)`

Bàbá Ìbejì: Sọ 0.1 di 0.1D0; D0 yẹn ló máa sọ ọ́ di báìtì 8. Tún wo àwọn ìlà gígùn: ní Fortran 77, ohun tó bá kọjá àyè 72, compiler ò ní kà á. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fi `-ffixed-line-length-132` sí i.

Ṣadé: Nítorí iná tó lè lọ, jẹ́ kó máa kọ àbájáde sí fáìlì lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 1,000 kọ̀ọ̀kan, kó o sì fi `CALL FLUSH(10)` tẹ̀ lé e kó lè wọ fáìlì lójú ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ nọ́ńbà 10 lo fi ṣí fáìlì náà. Mo ti sunkún iṣẹ́ alẹ́ kan rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: Ó ti ṣiṣẹ́! Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré. Ọ̀gá mi ní kí n fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sáwọn, àwọn fẹ́ wo àwọn àbájáde àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó ń ta sọ́fítíwia tún ti pè mí láàárọ̀ yìí, ó ti di ₦10,000.