Ohùn gaara kọ́, ìwọ̀n kúnná ni

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, ẹ kú ìjíròrò.

À ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí wọ́n ń pè ní "hi-res audio" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn irú ìgbohùnsílẹ̀ tó wà lórí SACD àti DVD-Audio, àwo orin méjì tó jọ síìdì, ṣùgbọ́n tí wọ́n wọn ohùn inú wọn ju ti síìdì lásán lọ. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ká máa pè é ní "ohùn gíga". Ẹ̀gbọ́n tó dá a lóhùn ní rárá, "ohùn gaara" ló yẹ ẹ́. Ẹnì kẹta mú "ìró kúnná" wá. Ẹ̀yìn ẹnì kẹta ni mo wà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká ṣí "kúnná" nípò díẹ̀.

"Ohùn gíga" kò ní pẹ́ wa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹnì kan ń pariwo ni, tàbí kó rántí ohùn òkè tí à ń fi àmì rẹ̀ sórí fáwẹ́lì. Ìyẹn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e tì.

"Gaara" ló le. Ó dùn lẹ́nu, mo gbà. Àmọ́ gaara, bíi ketekete, ẹ̀rí etí ni. Ẹni tó bá ní ohùn kan já gaara ti gbọ́ ọ, ó sì ti dájọ́. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí àwo wọ̀nyí kì í ṣe ìdájọ́, iye ni. Síìdì tí Sony àti Philips gbé jáde ní 1982 máa ń wọn ohùn nígbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16 (bíìtì kan kì í ju òdo tàbí ení lọ), ìyẹn ni pé ipele 65,536 ló wà tí ó lè bọ́ sí. DVD-Audio lè dé ìgbà 192,000, pẹ̀lú bíìtì 24, tí ipele tirẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 16. Èwo nínú iye wọ̀nyí ló ní orin náà já gaara? Ẹ mú akọrin kan wọnú gbọ̀ngàn tó ń dún wọ̀ọ̀, kí ẹ gbé gbohùngbohùn jìnnà sí i, kí ẹ wá fi bíìtì 24 gbà á sílẹ̀. Rúdurùdu yẹn náà ni ẹ ó wọ̀n, fínnífínní.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà gan-an kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí etí ń gbà níbẹ̀. Ní 2007, àwọn olùwádìí méjì, Meyer àti Moran, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Audio Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn. Wọ́n ń lu àwo SACD àti DVD-Audio fáwọn èèyàn. Nígbà mìíràn wọ́n á jẹ́ kí ohùn náà lọ tààrà, nígbà mìíràn wọ́n á kọ́kọ́ mú un gba inú ẹ̀rọ tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìwọ̀n síìdì. Nínú ìdáhùn 554, 276 péré ló tọ̀nà. Ẹni tó ń ta owó ẹyọ sókè náà á rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ní 2016, olùwádìí mìíràn, Joshua Reiss, kó ìwádìí 18 jọ, ó ṣírò wọn pọ̀, ó sì rí i pé àwọn èèyàn ń mọ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ní ìdá 52 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe máa fetí sí i ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n ṣì ń rò nìyẹn o. Bí a bá wá sọ ọ́ lórúkọ "ohùn gaara", a ti dá a.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kúnná. Ohun tí a bá lọ̀ là ń sọ pé ó kúnná, nígbà tí kò bá ku hóró kan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀ràn yìí mu gan-an, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe sí ohùn náà nìyẹn: wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó dá a lábàá ni "ìró" tó so mọ́ ọn. Bí ìró inú SACD bá kúnná, a jẹ́ pé ti síìdì kò kúnná, pé hóró-hóró ló ń jáde bọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ìró èyíkéyìí tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò bá tó ìdajì iye ìgbà tí a wọ̀n ọ́n, odindi rẹ̀ ni ẹ̀rọ lè tún kọ́, láìsí àlàfo. Ìdajì 44,100 lé ní 22,000. Etí ọ̀dọ́ tó pé dáadáa kì í sábà kọjá ìgbọ̀nrìrì 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàgbà kò tilẹ̀ débẹ̀ mọ́. Àwòrán àtẹ̀gùn tí àwọn tó ń polówó ọjà máa ń yà, bí ẹni pé ohùn síìdì ń fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn, kò sí nínú ohun tó ń jáde sí wa létí. Bíìtì tó lé náà kì í tún ohùn ṣe. Ariwo "ṣìì" tó wà nísàlẹ̀ ló ń rẹ̀ sílẹ̀ sí i. Àlàfo láàárín ohùn tó ròkè jù lọ àti ariwo yẹn ń lọ bíi decibel 96 (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) fún bíìtì 16, fún bíìtì 24 ó ń lọ bíi 144 lórí ìwé.

Nítorí náà, ìwọ̀n ló kúnná. Àbá mi ni "ìwọ̀n kúnná", kí àwo náà sì jẹ́ "àwo oníwọ̀n-kúnná". Ó tún ní àǹfààní pé a lè mú un lọ sọ́dọ̀ àwòrán orí fóònù àti tẹlifíṣàn láìyí i padà. "Àwo" fúnra rẹ̀ ti ń rẹ̀, mo mọ̀, akọrin tó kàn ju orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ní òun gbé àwo jáde. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ẹnì kan á ní SACD ńkọ́, tó jẹ́ bíìtì ẹyọ kan ni? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà 2,822,400 ni wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kàn ń sọ "ròkè" tàbí "rẹ̀ sílẹ̀" ni. Ó kúnná ní ọ̀nà àkókò. Ọ̀rọ̀ wa gbà á láyè.

Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn gaara gbìyànjú èyí wò, torí mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbọ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ SACD ló ní ìpele méjì nínú: ọ̀kan fún síìdì, ìkejì fún ìwọ̀n kúnná, tí iná ẹ̀rọ sì lè gba inú rẹ̀ kọjá lọ kan ti síìdì. Ẹ dé hẹ́dífóònù, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń pààrọ̀ wọn. Ẹ̀rọ á dákẹ́, á tún àwo kà, orin á tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn, etí ti gbàgbé. Bí ọ̀kan bá sì fi díẹ̀ ròkè ju ìkejì lọ, òun ni etí máa yàn pé ó já gaara. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó to orin náà lè ti to ìpele méjèèjì lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gaara lè wà níbẹ̀ lóòótọ́ o, kí bíìtì má mọ nǹkan kan sí i.

Ó ku orúkọ tí a ó fún hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀. "Gbohùngbohùn" tí àwọn kan dárúkọ ti ní iṣẹ́ méjì tẹ́lẹ̀. "Agbóhùn" náà kò tó. Gbọ́ ohùn di gbóhùn, gbé ohùn náà di gbóhùn. Ta ló wá ń gbọ́, ẹ̀rọ ni àbí ẹni tó dé e? "Agbóhùnsáfẹ́fẹ́" bọ́ nínú wàhálà yìí, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ fi hàn pé gbígbé ni. Ẹ jẹ́ ká tọ ipa yẹn: agbóhùnsétí. Kò lè lé "íápíìsì" lẹ́nu àwọn èèyàn, kò sì pọn dandan kó lé e. Èyí tí ihò wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹni tó jókòó tì yín náà á máa bá yín gbọ́ orin, ẹ pè é ní ẹlẹ́yìn-ṣíṣí, ìkejì, ẹlẹ́yìn-dídé.

Ní ti ohun tí wọ́n ń fi ohm wọ̀n, ìyẹn bí hẹ́dífóònù ṣe ń dí iná lọ́nà tó, "ìdènà" tí à ń lò nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná tó wa. Ẹni tó fi àpárá pè é ní "agídí" pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jìnnà sóòótọ́: hẹ́dífóònù HD 600 tí ilé-iṣẹ́ Sennheiser gbé jáde ní 1997 ní ohm 300, fóònù á máa tì í, kò ní fẹ́ẹ́ dún sókè. Nínú ìwé, ẹ kọ ìdènà. Lẹ́nu, alágídí ni èmi ó máa pè é.