Ṣóńṣó ewé spider plant mi ń gbẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Birmingham:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú òtútù. Mo ní spider plant kan nínú pálọ̀, irú èyí tí ìlà funfun gba àárín ewé rẹ̀. Ojú fèrèsé ló wà, rádíétọ̀ sì wà lábẹ́ fèrèsé náà gan-an. Láti ìgbà tí a ti ń tan rádíétọ̀ tọ̀sán-tòru ni ṣóńṣó ewé rẹ̀ ti ń di búráùn, tó sì ń gbẹ wọnú. Omi ẹ̀rọ ni mò ń bu sí i, mi ò sì jẹ́ kó wọ́n ọn. Ó ti yọ ọmọ, wọ́n rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ara tiwọn dá ṣáṣá. Ìyá wọn ni ọkàn mi ò balẹ̀ sí.

Torí ọmọbìnrin mi tó ní ikọ́ fée (asthma) ni mo ṣe rà á. Wọ́n ní ó máa ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́. Ọmọ yìí ló ń nu ewé rẹ̀, á tún bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ síléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí kò fi ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Bàbá Olódòdó, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kò ní kú. Ẹ rọra fà á yọ kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Ó máa ń sanra bí ẹ̀gẹ́ kéékèèké, omi ló sì ń tọ́jú pamọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè fara da ọ̀dá, tí kò sì lè fara da àpọ̀jù omi. Tí gbòǹgbò bá funfun, tó le, kò séwu. Tó bá ti dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ dànù, kí ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ tuntun tún un gbìn sínú ìkòkò tó nihò nísàlẹ̀.

Ẹ má ka ọjọ́ bomi rin ín, iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Tí òkè rẹ̀ bá gbẹ dé oríkèé ìka kan, ẹ bomi sí i títí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, kí ẹ wá da èyí tó dúró sínú àwo nù. Nígbà òtútù, ìmọ́lẹ̀ kéré, ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà, kò sì ní fẹ́ omi tó bó ṣe ń fẹ́ ẹ nígbà ooru.

Rádíétọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò lórí rẹ̀ lálẹ́ òní. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn tèmi tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń gbẹ létí ewé, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ta á lára ló dáa jù fún un.

Àbúkẹ́, London:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àǹtí, ẹ tún lè bu omi ẹ̀rọ sínú garawa kó sùn mọ́jú kí ẹ tó lò ó, kí kẹ́míkà inú rẹ̀ lè fò lọ. Ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn, ewé tèmi ò sì gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́gbà, Chicago:
Àbúrò mi, klórínì ló ń fò lọ tí omi bá sùn mọ́jú. Fluoride kì í lọ. Kódà tí ẹ bá se omi náà, ńṣe ni yóò pọ̀ sí i nínú èyí tó kù, torí omi nìkan ló ń gbẹ lọ. Birmingham sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ń fi fluoride sí omi ẹ̀rọ, láti 1964, nítorí eyín àwọn èèyàn. Kò ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ máa mu ún. Spider plant ni kì í bá a lára mu. Omi máa ń gbé e gòkè dé ṣóńṣó ewé, omi á gbẹ kúrò, fluoride á jókòó síbẹ̀, á máa pọ̀ sí i títí ibẹ̀ yóò fi jó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó ló kọ́kọ́ ń gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò London, wọn kì í fi sí omi, ó sì lè jẹ́ ohun tó yọ Àbúkẹ́ nìyẹn.

Omi òjò ni kí ìyá wa wá. Òjò kì í sì í wọ́n ní Birmingham! Tí ẹ bá ní àgbàlá, ẹ gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé, abọ́ ńlá lórí bàlùkónì náà tó. Jọ́ọ̀gì asẹ́mi tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà mú fluoride kúrò, ẹ má torí rẹ̀ náwó. Ẹ fi omi òjò náà ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí iyọ̀ ajílẹ̀ tó ti kó jọ síbẹ̀ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i títí ooru yóò fi dé, tó bá sì dé, ẹ má ra èyí tó ní superphosphate, torí òun náà máa ń ní fluoride nínú.

Ibi tó ti gbẹ kò ní tún tutù mọ́. Ẹ fi sáàsì gé e, kí ẹ fi búráùn díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má gé wọnú ibi tó tutù.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Mo wo gbòǹgbò rẹ̀, ó funfun, ó le. Mo ti gbé e sórí tábìlì lódì kejì. Ṣé kí n kúkú gbé e sí yàrá ọmọ, torí ikọ́ fée yẹn?

Nọ́ọ̀sì, Manchester:
Ẹ má bínú pé mo dá sí i, ìyá. Ọ̀rọ̀ pé ewéko ń fọ afẹ́fẹ́, ìwádìí tí NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 1989 ló mú un gbilẹ̀. Inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní 2019, wọ́n rí i pé ewéko mẹ́wàá sí ẹgbẹ̀rún kan la ó kó sí ìwọ̀n mítà kan níbùú-lóròó ilẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti ìta ń ṣe. Spider plant kan ò lè ṣe é. Inhaler rẹ̀ àti ohun tí dókítà kọ fún un ni kí ẹ dì mú ṣinṣin, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé díẹ̀ lójoojúmọ́.

Pálọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá ń tutù ṣáá máa ń hu, èéhu sì lè gbé ikọ́ fée dìde. Àmọ́ ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ o. Ẹ jẹ́ kó máa nu ewé rẹ̀. Eruku ló ń mú kúrò, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, ẹ ò jẹ́ kí n ṣìnà. Mi ò ní gbé e lọ sí yàrá rẹ̀. Àwọn ọmọ ewéko yẹn ńkọ́? Ọmọ mi fẹ́ fún olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀kan.

Bàbá Olódòdó:
Ẹ wo ìdí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí gbòǹgbò kéékèèké tó ń yọ, ẹ gbé ìkòkò kékeré oníyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, kí ẹ gbé ọmọ náà lé e lórí láìgé okùn rẹ̀. Ìyá á máa fún un lóúnjẹ lọ. Tí ẹ bá rọra fà á tí kò tú, ó ti mú ilẹ̀ nìyẹn, ẹ wá gé okùn. Tí olùkọ́ bá ní ológbò, kó má bẹ̀rù, kò ní májèlé.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́gbà:
Ìyá wa, ewé àtijọ́ kọ́ ni kí ẹ máa wò o. Èyí tó bá yọ láàárín lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ omi òjò lẹ ó fi mọ̀ bóyá ó ti ń sàn. Tí ṣóńṣó tirẹ̀ náà bá tún gbẹ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí, kí a tún un wò.