Ọdún márùn-ún mi fẹ́ pé, àmọ́ oṣù méje tí mo lò nílé ń já mi láyà

Ìyá Ọlọ́mọméjì (Oṣù Kọkànlá, 2025)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Houston là ń gbé. Iṣẹ́ ọkọ mi la fi rí gríìn káàdì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ, ọjọ́ kan náà ló sì wà lára káàdì àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 14 Oṣù Kẹta 2021. Ọdún márùn-ún tí èèyàn ń lò kó tó di sítísìn, ìyẹn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, á pé ní Oṣù Kẹta tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ pé èèyàn lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní 90 ọjọ́ ṣáájú.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé lọ́dún 2022, rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá mi ní Abẹ́òkúta. 10 Oṣù Kẹfà ni mo kúrò níbí, mi ò padà dé títí di 22 Oṣù Kínní 2023. Èmi nìkan ni obìnrin nínú ọmọ wọn, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n má wulẹ̀ dán an wò, pé ọdún tí mo ti kà ti dòfo. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n fi fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ láti di sítísìn, ránṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá, àbí kí n dúró? Tí mo bá sì máa dúró, dìgbà wo? Màmá ti pé ẹni ọdún 74, mo fẹ́ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi.

Bọ̀dá Atlanta

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹni tó sọ fún yín pé ó ti dòfo kàn dẹ́rù bà yín ni. Ẹni tó bá lo ọdún kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn odi ni ìgbé rẹ̀, ìyẹn gbígbé Amẹ́ríkà láìdáwọ́dúró, já. Tiyín kọjá oṣù mẹ́fà, kò sì tó ọdún kan, nítorí náà ohun tí òfin sọ ni pé wọ́n á gbà pé ó já, àyàfi tí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé kò já. Ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ wà báyìí.

Ẹ̀rí wo? Ṣé ọkọ àti àwọn ọmọ dúró síbí? Ṣé ilé yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ń san owó rẹ̀? Ṣé ẹ kò fi iṣẹ́ ibí sílẹ̀, tí ẹ kò sì gba iṣẹ́ ní Nàìjíríà? Ṣé ẹ san owó orí ọdún 2022 bí olùgbé? Tí ìdáhùn gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yín kò burú. Ẹ fi ìwé dókítà màmá kún un.

Ní ti iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wà nínú Amẹ́ríkà, ìyẹn 913 láàrin ọdún márùn-ún, ẹ má dààmú. 226 ọjọ́ lẹ lò ní ìrìn àjò gígùn yẹn. Kódà tí ẹ bá yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ṣì kọjá iye náà dáadáa. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: kí ọjọ́ pé, àti kí ìgbé má já. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ìyá Ọlọ́mọméjì

Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi fún mi láyè láìsanwó, mo ṣì ní lẹ́tà wọn. Èmi àti ọkọ mi la jọ fọwọ́ sí ìwé owó orí.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi, kí ẹ má bàa jìn sí kòtò tí mo jìn sí. Lọ́dún 2022, wọ́n ní 90 ọjọ́, èmi sì ka oṣù mẹ́ta. 20 Oṣù Kẹwàá ló wà lára káàdì mi, mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní 20 Oṣù Keje. Ẹ kà á: 92 ọjọ́ ni! Ọjọ́ méjì péré ló fi yá jù. Wọ́n kọ̀ ọ́, $725 ìgbà yẹn sì wọgbó. Mo bínú títí, mo bú kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi.

Tiyín, tí mo bá kà á sẹ́yìn láti 14 Oṣù Kẹta 2026, 14 Oṣù Kejìlá ni. Ọjọ́ Àìkú sì ni. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹrìndínlógún tàbí ìkẹtàdínlógún. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Àgbà Ìlú

Àbúrò mi, èmi á ní kí o dúró. Ẹ̀rí dára, àmọ́ ọ́físà tó bá jókòó níwájú rẹ ló máa sọ bóyá ó tó. Tí o bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ ní nǹkan kan, jẹ́ kí ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà kọjá lórí ọjọ́ tí o padà dé. Ìgbà náà, tí wọ́n bá wo ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ohun tó kù nínú ìrìn àjò yẹn kò ní tó oṣù mẹ́fà. Mo ṣírò rẹ̀: ìparí Oṣù Keje 2027. Mo fi ọjọ́ díẹ̀ lé e, kí ó má bàa di wàhálà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Kí a tó ní kí wọ́n dúró di 2027, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọmọ? Ọkọ ńkọ́, ṣé òun náà rin ìrìn àjò gígùn?

Ìyá Ọlọ́mọméjì

Obìnrin á pé 18 ní Oṣù Kẹwàá 2026. Ọkùnrin jẹ́ 11. Bàbá wọn kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn odi láti ìgbà tí a dé. Àmọ́ òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sítísìn rárá. Ó ní òun ò lè dúró níwájú òyìnbó kí òun máa búra pé òun kọ Nàìjíríà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ò rí i! Ẹnu ọ̀nà kejì lẹ dúró sí, ti àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkọ yín ni kó kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ní Oṣù Kejìlá yìí. Ọjọ́ tó bá búra, ọmọ tí kò tíì pé 18, tó ní gríìn káàdì, tó sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti di ọmọ ilẹ̀ yìí nìyẹn, kò ní ìdánwò kankan láti ṣe. Ẹ̀yin kàn máa lọ gba páspọ́ọ̀tù fún un ni. Òbí kan ṣoṣo tó. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹ̀yin.

Tí ìbúra Bàbá bá wá pẹ́ kọjá ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin ńkọ́? Kò bàjẹ́. Òun náà á ti lo ọdún márùn-ún, á fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ránṣẹ́ bí àgbà. $710 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, $760 lórí bébà. Ẹ kàn fi owó yẹn pamọ́ ni.

Bọ̀dá Atlanta

Ọpẹ́ o, ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ sọ fún Bàbá pé òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìbúra náà sọ pé èèyàn kọ ìjọba mìíràn sílẹ̀. Àmọ́ òfin Nàìjíríà ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kì í ṣe òfin Amẹ́ríkà. Ẹsẹ 28 ìwé òfin ọdún 1999: ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà kò pàdánù rẹ̀ nítorí pé ó gba ti ìlú mìíràn. Páspọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ

Ó dáa nígbà náà! Tí ọkọ bá ti di sítísìn, ìyàwó á wá lo ọ̀nà ọdún mẹ́ta ti ẹni tó fẹ́ sítísìn, dípò ọdún márùn-ún, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí sítísìn kí ìyàwó tó lo ọ̀nà yẹn. Tó bá búra ní 2026, ọdún mẹ́ta náà di 2029. Ọdún márùn-ún tiwọn ló yá jù.

Ọ̀rọ̀ màmá sì rèé: àna kò lè ṣe é. Ọmọ tí màmá bí, tó ti di sítísìn, tó sì ti pé 21, ló lè fi orúkọ wọn sílẹ̀. Gríìn káàdì kò gbé òbí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ti bọ́ lọ́rùn yín, ti màmá ló kù tí ẹ máa fi pinnu bóyá ẹ máa fi ránṣẹ́ báyìí tàbí kí ẹ dúró di 2027. Tó bá jẹ́ èmi, màá kó ìwé mi lọ bá lọ́yà kan tó mọ òfin gríìn káàdì àti sítísìn, màá sì fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀, owó ló lọ. Màá tún fi ránṣẹ́ ní 2027.

Àgbà Ìlú

Mo gbà, mi ò mọ̀ pé màmá ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kọ gbogbo ìrìn àjò rẹ sínú fọ́ọ̀mù, má fi ọ̀kan pamọ́. Sì bi ọkọ rẹ bóyá wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìdìbò níbi tó ti gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bi èèyàn, tí èèyàn á kàn máa sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀ràn ńlá ni fún ẹni tí kò tíì di sítísìn.

Ìyá Ọlọ́mọméjì

Mo bi í, kò forúkọ sílẹ̀. Mo ka ẹsẹ 28 fún un. Ó ní òun á kọ́kọ́ wá ìwé òfin náà kà fúnra òun. Ní báyìí ó ti wà lórí àga látàárọ̀, ó ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ìbéèrè ìdánwò tuntun, èyí tó jẹ́ 128, tí wọ́n máa ń bi èèyàn ní 20 nínú rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ pé 12 ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà.

Ọmọ Ìbàdàn

Mò ń fi ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní kó ṣọ́ kàlẹ́ńdà.