Kókó inú ọpọlọ àti ẹjọ́ ìpànìyàn: ẹ̀yin lọ́yà àti dókítà, ẹ dákun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fà. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹjọ 1966, Charles Whitman pa ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ó gun ilé gogoro Yunifásítì Texas ní Austin, ó sì ń yìnbọn pa èèyàn kí ọlọ́pàá tó pa á. Ó ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ pé kí wọ́n yẹ òkú òun wò, bóyá nǹkan ń ṣe ọpọlọ òun. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá kókó níbẹ̀ lóòótọ́.

Ká ní kò kú, tó sì jẹ́ pé ìhà gúúsù Nàìjíríà ló ti ṣe é ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ra ọta, tó tún di oúnjẹ dání, mọ ohun tó ń ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n abala 28 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, èyí tó sọ ìgbà tí àìsàn ọpọlọ lè gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi, dárúkọ agbára àtikó ara ẹni níjàánu lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí mímọ ohun téèyàn ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fọ́tò ọpọlọ nìkan tó ẹ̀rí níwájú adájọ́, àbí dókítà gbọ́dọ̀ fi hàn pé kókó yẹn gan-an ló sún un dé ibẹ̀? Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ tí wọ́n ti dá báyìí ní Nàìjíríà, ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀.