Ó ti yanjú: tẹlifíṣọ̀n tó ń gé etí àwòrán láptọ́ọ̀pù

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì tẹ́ ẹ dá sí i. Ìbéèrè náà ni pé wáyà HDMI ti so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ìlà ìsàlẹ̀ Windows kò hàn, lẹ́tà sì ń ṣe bàìbàì. Wáyà kọ́ ló fà á. Ẹ má sáré lọ ra òmíràn l'Ọ́jà Ọba. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń fẹ àwòrán kọjá etí, àṣà tó jogún lọ́wọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọkùn lẹ́yìn. Nínú ètò àwòrán rẹ̀, ẹ mú "Just Scan" tàbí "Screen Fit", bó bá ṣe pè é. Ẹ sọ ojúhò HDMI yẹn ní "PC", kẹ́ ẹ sì dín Sharpness kù dáadáa. Tí àwòrán 4K (3840 × 2160) bá ń fà lẹ́yìn eku kọ̀ǹpútà (mouse), ó ti há sórí 30 Hz nìyẹn, ìyẹn àwòrán ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan: HDMI 1.4, ẹ̀dà HDMI àtijọ́, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 4K. 1920 × 1080 lórí 60 Hz sàn jù.