Ẹ̀ka igi tó wó lu ọkọ̀ mi: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi yín nígbà yẹn bóyá aládùúgbò mi ló máa san owó àtúnṣe ọkọ̀ mi tí ẹ̀ka igi rẹ̀ wó lù. Ó ti san án, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Èmi rò pé igi ti jẹ́ tiẹ̀, ó parí. Agbẹjọ́rò ní rárá o. Àìbìkítà ni òfin ń wá: ṣé ó yẹ kí aládùúgbò mi ṣọ́ra nítorí mi, ṣé kò ṣọ́ra, ṣé ìyẹn ló fa àdánù mi? Agbẹjọ́rò náà mẹ́nu kan ẹjọ́ ìgbín inú ìgò ohun mímu ní Scotland, èyí tí wọ́n dá lọ́dún 1932. Obìnrin tó mu ohun mímu náà kọ́ ló rà á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ní ó yẹ kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ohun mímu náà ṣọ́ra nítorí obìnrin náà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo ti fi kìlọ̀ fún aládùúgbò mi pé ẹ̀ka náà ti ń jẹrà ló gbà mí. Láìsí i, ìjì ni wọn ì bá dẹ́bi fún. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ló sì gé owó mi kù: mo mọ̀, mo ṣì ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀ sí i.

A ò dé kóòtù. Mo ti parí tèmi.