Bíà alámáńgòrò tí mo mu ní Wuse kan lẹ́nu: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ Ìkirè, Gwarinpa:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yà sí ilé ọtí kan ní Wuse 2, níbi tí wọ́n ti ń ta bíà tí àwọn apọntí kéékèèké ṣe fúnra wọn. Wọ́n ní ọ̀kan wà tí wọ́n fi máńgòrò sí, òun ni mo sì bèèrè fún, pẹ̀lú ìrètí pé yóò dùn bíi máàtì tí wọ́n pò mọ́ omi èso. Ó ṣú nínú ife bí omidùn. Òórùn máńgòrò ta sí mi nímú kí n tó gbé e dé ẹnu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mu ún, n kò rí adùn kankan; kíkan ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ó gbẹ mí lẹ́nu bí àgbálùmọ̀ tí wọ́n ká láìpọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó ti bàjẹ́, pé kí a dá a padà, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e wá fi yé wa pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Apọntí Kubwa:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Bí ẹ ti ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, n kò gbà pé ó bàjẹ́. Ṣúgà inú máńgòrò ló ń mú kó dùn, ṣúgà náà gan-an sì ni oúnjẹ ìwúkàrà. Bí apọntí bá da èso sínú bíà tí ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ìwúkàrà yóò jẹ ṣúgà náà, yóò sọ ọ́ di agbára ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń mú bíà hó, ohun tí yóò sì ṣẹ́kù kò ju òórùn èso, àwọ̀ rẹ̀ àti kíkan rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí imú yín fi gbọ́ máńgòrò tí ahọ́n yín kò rí i. Àwọn kan tún máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà omidùn tí ẹ fi ṣàkàwé kò jìnnà sí òótọ́. Ní ti ṣíṣú rẹ̀, ohun tó ń mú kí jáàmù dì wà nínú ẹran èso, òun ni kì í jẹ́ kí bíà náà tòrò.

Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe bíà tí wọ́n ń pè ní lambic, wọ́n á wá rẹ èso ṣẹ́rì sínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó di kriek. Ẹni tó bá ń wá adùn nínú kriek àtijọ́ yóò kàn bínú lásán ni.

Bàbá Àgbà, Kaduna:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé bíà tilẹ̀ ni èyí? Òfin tí wọ́n ṣe ní Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1516 kò gbà ju omi, ọkà báálì àti òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní hops lọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: burukutu tí wọ́n fi ọkà bàbà pọn ni a ń mu nígbà èwe wa níhìn-ín, ó ṣú, ó kan, kò sì sẹ́ni tó bèèrè bóyá ó bàjẹ́. Ohun tí a ń ṣọ́ra fún ni ọtí kíkan. Kíkan ògì yàtọ̀ sí kíkan tó ń ta ni nímú. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ọtí kíkan, ẹ dà á nù. Bí ìgò bá sì ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ fura.

Ìyá Ìbejì, Jos:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, Ọmọ Ìkirè, kí ni ẹ jẹ kí ẹ tó mu ún? Tó bá jẹ́ ṣinṣín tàbí nǹkan dídùn mìíràn, kíkan bíà náà yóò di ìlọ́po méjì, bí ẹni tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ lé oyin. Súyà ló bá a mu jù, nítorí kíkan náà yóò gé ọ̀rá ẹran. Ẹ má sì mu ún nígbà tó bá tutù bíi yìnyín, torí òtútù a máa pa òórùn; ẹ jẹ́ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú 10, nínú ife tó fẹ̀ nídìí tó sì fún lẹ́nu, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìmu àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́, ìkẹta ni kí ẹ gbọ́.

Ọmọ Ìkirè, Gwarinpa:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà lọ lánàá, mo ra súyà lọ́nà, mo sì jẹ́ kí ife náà jókòó. Kíkan náà kò lọ o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gbé e mì ni máńgòrò yọ sí mi lọ́nà ọ̀fun, ìyẹn ti èèpo rẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi eyín bó o lábẹ́ igi. Ọ̀rẹ́ mi tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó sì ní kí wọ́n gbé máàtì wá fún òun.